Láàrin Àpò 600 àti Àpò 900

Ní ìsọ̀ màámi ní Òkè Baálẹ̀, nílùú Òṣogbo, àpò la fi ń ka símẹ́ńtì. Oníbàárà á ní òun fẹ́ 20, bíríkìlà rẹ̀ á ní kí wọ́n fi 5 kún un, àwọn ọmọ á sì gbé e sínú ọkọ̀ fún wọn. Àpò náà la fi mọ tírélà tó ń kó o wá. A ní oní-600, a ní oní-900, bí ẹni ń pe ọmọ lórúkọ. Kò sí ẹni tó ń dá kílò sọ. Èmi ni mò ń bá màámi tọ́jú ìwé ìsọ̀, èmi ni mo sì kọ́kọ́ jókòó lọ́jọ́ kan tí ọjà kò yá, tí mo sọ àpò di tọ́ọ̀nù ní ẹ̀yìn ìwé gbèsè.

Ìṣirò náà kò le. Kílò 50 ni àpò kan. Ó wà lára àpò gàdàgbà. Àpò 20 ni tọ́ọ̀nù 1. Àpò 600 jẹ́ tọ́ọ̀nù 30, àpò 900 sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 45. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìwúwo tirẹ̀: orí tírélà àti ẹ̀yìn rẹ̀, lófìfo, máa ń tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 15. Nítorí náà, oní-600 tó ń bọ̀ lójú títì jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù 45, oní-900 sì jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù 60. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń wa oní-900 tó ń kó ọjà wá fún wa. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò náà kò fi kúrò lọ́kàn mi nígbà tí oníbàárà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Kí ẹ má baà rò pé màámi jẹ́ òṣìkà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ti fi Òkè Baálẹ̀ ṣe ibùjókòó rẹ̀, ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà kò yéé jáde nílẹ̀ ládùúgbò wa. Gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ló ń wá símẹ́ńtì tó fi díẹ̀ wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ ní ẹ̀dín. Iye tí ilé-iṣẹ́ ń tà á kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa. Owó ọkọ̀ nìkan ni ibi tí ènìyàn ti lè rí nǹkan gé kúrò. Ọkọ̀ kan náà ni, awakọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà láti ìpínlẹ̀ Ògùn gba Ìbàdàn àti Gbọ̀ngán wá sílé. Bí ó bá ru 900 dípò 600, owó ọkọ̀ tó máa hàn lórí àpò kọ̀ọ̀kan á wálẹ̀. Ọmọ Ìbòkun sì ni màámi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Àwọn baba rẹ̀ ṣòwò òṣómàáló, wọ́n lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó fi jáde. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi owó ọkọ̀ ṣeré.

Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ ọkọ̀ léèrè ohun tí tírélà lè gbé, ẹ́ńjìnnì ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn yóò ní, "Ẹ́ńjìnnì yìí lágbára gan-an, ó ń gun òkè pẹ̀lú 900 láìmí." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fífà yàtọ̀ sí rírù. Ẹ́ńjìnnì ń fà. Ohun tó ń rù wà nísàlẹ̀, níbi tí ènìyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i. Bàbá kan tó ń lẹ táyà ní ọ̀ọ́kán ìsọ̀ wa ló kọ́ mi bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Fọganáísà ni gbogbo àdúgbò ń pè é; ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí mi. Ìwé tó kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ara táyà ni ìwé tirẹ̀.

Mo bi í pé, "Bàbá, kí ni gbogbo nọ́ńbà yìí ń sọ?"

Ó ní, "Ó ń sọ pé ibi tí agbára mi mọ nìyí. Kì í purọ́. Ẹni tó ra táyà ni kì í gbọ́ èdè rẹ̀."

Ohun tí wọ́n kọ sára táyà ẹ̀gbọ́n mi ni 12.00R20, lẹ́yìn náà 154/149K. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ bí táyà ṣe tóbi tó. Èkejì ni ọ̀rọ̀ agbára. 154 yẹn kì í ṣe kílò fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà inú tábìlì kan ni, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ táyà lágbàáyé jọ ń lò. Nínú tábìlì náà, 154 túmọ̀ sí kílò 3,750, 149 sì túmọ̀ sí kílò 3,250. K ni eré tí kò gbọdọ̀ kọjá, kìlómítà 110 ní wákàtí kan. Ìdí tí nọ́ńbà ẹrù fi jẹ́ méjì ni pé táyà kan náà lè dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, bíi ti iwájú, ó sì lè dúró ní méjì-méjì bíi ti ẹ̀yìn. Bí ó bá dá wà, 3,750 ni. Bí wọ́n bá so ó pọ̀ mọ́ èkejì, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan á dínkù sí 3,250. Ó yà mí lẹ́nu. Mo rò pé ẹni tó ní alábàárù ló yẹ kó lè gbé jù. Bàbá Fọganáísà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbejì kì í pín ẹrù lọ́gbọọgba: ọ̀kan á le ju èkejì lọ, títì á dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ìwúwo á sì ṣubú sórí ẹnì kan. Àwọn tó ṣe táyà mọ èyí, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò ṣáájú.

Ó tún sọ ohun kan tí mi ò gbàgbé, pé afẹ́fẹ́ ló ń ru ọkọ̀, iṣẹ́ rọ́bà ni láti dá afẹ́fẹ́ dúró. Kílò tí wọ́n kọ sára táyà dúró lórí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ là kalẹ̀ fún un. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, agbára náà dín, bí táyà tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó yóò máa tẹ̀, yóò máa nà, ní ìgbà àìmọye láàrin ìṣẹ́jú kan. Títẹ̀ àti nínà yìí ló ń mú un gbóná, ooru ló sì ń tú ohun tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a ka ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Táyà 2 wà níwájú, 4 lábẹ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀, 12 lábẹ́ ibi tí ẹrù wà. Méjèèjì iwájú dá wà, wọ́n lè ru 7,500. Mẹ́rìndínlógún tó kù wà ní méjì-méjì, wọ́n lè ru 52,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 59,500. Ọkọ̀ náà pẹ̀lú àpò 900 sì jẹ́ nǹkan bíi 60,000. Ká ní gbogbo táyà jẹ́ tuntun, ká ní afẹ́fẹ́ wọn pé, ká ní ẹrù pín dọ́gba bí ẹni fi ìwọ̀n pín in, àwọn táyà náà ti jẹ gbèsè kílò 500 kí wọ́n tó jáde ní géètì. Èwo nínú wọn ló jẹ́ tuntun? Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà lára táyà tó ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀: bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí táyà má kọjá ọdún 4. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti kọjá ọdún 4 kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé Èkó.

Táyà nìkan kọ́ ló ní òpin. Lábẹ́ ọkọ̀, ọ̀pá irin ńlá kan wà tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì. Axle ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọ̀pá táyà. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní márùn-ún. Bí a bá fi tọ́ọ̀nù 7 sílẹ̀ fún ti iwájú, tọ́ọ̀nù 53 ló kù fún mẹ́rin, ìyẹn tọ́ọ̀nù 13 àti díẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2005, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó CFA, tí Benin àti Togo wà lára wọn, jọ fẹnu kò lórí ìwúwo ọkọ̀ akẹ́rù; tírélà tó tóbi jù kò gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 51 lọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2012, ECOWAS náà fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wa, Nàìjíríà pẹ̀lú. Tọ́ọ̀nù 11.5 ni nọ́ńbà tí a máa ń gbọ́ fún ọ̀pá táyà kan tó dá dúró. Bí a bá gbé oní-600 wò, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti iwájú, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan yóò ru bíi 9.5. Kò kọjá nọ́ńbà yẹn, ó sì ṣẹ́kù. Oní-900 kò wọlé sí èyíkéyìí: ó ju ti òfin lọ, ó ju ti táyà lọ.

Àwọn mẹkáníìkì ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń dá sí i. Wọ́n á fi ewé sípíríǹgì kún èyí tó wà nílẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ní wọlẹ̀ mọ́, ojú ẹni tó ń wò ó á sì rọ̀. Èyí ni mo kà sí ewu tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìwọlẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ fi ń sọ pé ẹrù ti pọ̀ jù fún òun. Sípíríǹgì tó kún kò fi kílò kan kún agbára táyà, kò fi kún ti ọ̀pá táyà, kò fi kún ti bíréèkì. Ó kàn pa ọkọ̀ lẹ́nu mọ́ ni.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ní ọ̀sán gangan, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ó ti kọjá afárá Àṣejirè díẹ̀ nígbà tí táyà kan bẹ́ ní ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún. Ó ní ìró rẹ̀ dà bí ìbọn. Ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni pé táyà tó bẹ́, èyí tó wà níta, kọ́ ló jẹ̀bi. Èkejì rẹ̀ tó wà nínú ti ń jo láti ibi tí a kò mọ̀. Kò sí ẹni tó ń rí táyà inú, nítorí ti ìta bò ó. Bí afẹ́fẹ́ inú ṣe ń lọ, ẹrù àwọn méjèèjì ń ṣí lọ sórí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀pá táyà náà ń ru ju tọ́ọ̀nù 6 àti ààbọ̀ lọ, táyà kan tí agbára rẹ̀ kò kọjá 3,750 ló sì kù lábẹ́ rẹ̀.

Ó rí ọwọ́ ọkọ̀ dì mú, ó rọra darí rẹ̀ bọ́ sí etí títì. Ká ní táyà iwájú ni, ọ̀rọ̀ mìíràn la ó máa sọ báyìí. Alẹ́ méjì ni òun àti mótò-bọ́ì rẹ̀ fi sùn lábẹ́ tírélà tí wọ́n ń ṣọ́ símẹ́ńtì. Nígbà tó pe màámi lórí fóònù, mo wà níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí màámi sọ ni, "Ṣé kò sí ibi tó ń dùn ọ́?" Ó dúró díẹ̀, ó wá ní, "Símẹ́ńtì ńkọ́?" Mo rí i pé ojú ara rẹ̀ tì í bó ṣe sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí ọ̀rọ̀ ẹrù níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ ọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NMDPRA, àjọ tó ń bójú tó epo bẹntiróòlù ní Nàìjíríà, kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ọkọ̀ agbépo tó ń gbé 60,000 lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní rí epo gbà mọ́, àti pé kí ọdún náà tó parí, ọwọ́ á kan àwọn tó ju 45,000 lítà lọ. Mo gbé bírò. Lítà bẹntiróòlù kan jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò. Lítà 60,000 jẹ́ tọ́ọ̀nù 45. Àpò 900 gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ẹrù kan náà tí wọ́n ní kí agbépo má gbé mọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé wá sí Òkè Baálẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ni pé símẹ́ńtì kì í gbiná, nítorí náà kì í dé inú ìròyìn.

Màámi gbà pé ewu wà, ṣùgbọ́n ó ní ìdáhùn kan tí mo ní láti wá èsì fún. Ó ní, "Bí mo bá fẹ́ àpò 1,800, oní-900 á lọ lẹ́ẹ̀mejì, oní-600 á lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èwo ló ń ba ọ̀nà jẹ́ jù? Èwo ló wà lójú ewu jù?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ wá láti ibi tó jìnnà. Láti 1958 dé 1960, nítòsí ìlú Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe títì kan tó ń yípo, wọ́n sì ní kí àwọn sójà máa wa ọkọ̀ ẹrù lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru kí wọ́n lè mọ bí títì ṣe ń bàjẹ́. Wọ́n rí i pé ìbàjẹ́ títì kì í bá ẹrù rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Bí ẹrù orí ọ̀pá táyà bá di ìlọ́po 2, ìbàjẹ́ máa ń súnmọ́ ìlọ́po 16. Láti 9.5 dé 13 àti díẹ̀, ìyẹn láti oní-600 dé oní-900, ìbàjẹ́ ìrìnàjò kan ju ìlọ́po 3 àti ààbọ̀ lọ. Nítorí náà bí ìrìnàjò mẹ́ta oní-600 bá na títì ní 3, méjì ti oní-900 á nà án ní 7. Ihò tí ọkọ̀ wọ̀nyí bá gbẹ́ ni táyà wọn yóò sì já sí nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀.

Màámi wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí n bá òun ṣírò iye tí àpò kan yóò jẹ́ bí ó bá jẹ́ oní-600 là ń lò. Mo ṣe é. Kò dùn mọ́ ọn. Ó pa ìwé dé, ó ní, "Bóyá wọ́n á rà á, bóyá wọn ò ní rà á," ó sì lọ dá àwọn tó ń dúró lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ lọ bá ọlọ́kọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé pé òun fẹ́ máa ru 600, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ táyà. Ọlọ́kọ̀ ní ẹni tó wa ọkọ̀ náà ṣáájú rẹ̀ ru 900 fún ọdún mẹ́rin, kò kú. Ọkọ̀ kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi. Ìrìnàjò sí ìrìnàjò ni wọ́n ń sanwó fún un, orí ìwúwo àpò sì ni èrè ọlọ́kọ̀ wà. Ẹni tó ń pinnu ẹrù ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ń wa típà onítáyà mẹ́wàá báyìí, ó ń kó yanrìn fún àwọn tó ń kọ́lé nínú Òṣogbo níbí. Owó rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń sọ ọ́. Yanrìn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, nítorí bí òjò bá ti rọ̀ sí i, ìwúwo rẹ̀ á lọ sókè bẹ́ẹ̀ ni kò ní ga ju bó ṣe ga lọ lójú. Bí òjò bá rọ̀, kì í jẹ́ kí wọ́n kún un dé etí, àwọn oníbàárà á sì máa pariwo pé ó rẹ́ wọn jẹ. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fèsì.

Oní-600 là ń lò ní ìsọ̀ wa. Símẹ́ńtì wa wọ́n díẹ̀ ju ti ìsọ̀ kejì lọ; àwọn bíríkìlà kan ti sá lọ, àwọn kan dúró nítorí pé màámi máa ń tà fún wọn ní àwìn. Ìsọ̀ kejì náà ń lo tírélà tí ẹ̀gbọ́n mi ń wà tẹ́lẹ̀. Ọmọdékùnrin kan ló ń wà á, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì gún régé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó dúró kí wọ́n já ẹrù, Bàbá Fọganáísà kọjá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú irin tó fi ń tú táyà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na irin náà wọ inú, ó sì ń lu àwọn táyà inú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fetí sí wọn. Ó dúró lórí ọ̀kan ní apá òsì. Ó tún un lù.

Ó ní, "Ọmọ mi, èyí ti rọ̀."

Ọmọkùnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Bí mo bá ń padà bọ̀, màá yà sọ́dọ̀ yín."